Ẹ Wo Táyà Sípíà Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Mọ́tò Ẹbí n'Íbàdàn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa Toyota Sienna n'Íbàdàn, èkejì rèé tí mo ń lò báyìí, àwọn èèyàn àdúgbò àti ará ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń pè mí kí wọ́n tó ra mọ́tò tó máa gba ìyàwó, ọmọ, màmá àgbà àti ẹrù. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ síbí. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ táyà sípíà pọ̀ nínú ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ AC àti àga aláwọ lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí òun ni kò sẹ́ni tó ń wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ra mọ́tò, òun náà ló sì máa ń dójú ti èèyàn lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tó jẹ́ Sienna ni gbogbo èèyàn ń rà? Ṣé kò sí mọ́tò míì ni?

Mọ́tò míì wà, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Àrárọ̀mí ní Gate kẹ́ ẹ béèrè bọ́ọ̀lù jọ́ìntì Sienna, kẹ́ ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù kejì wọ́n á ti kó mẹ́ta jáde fún yín, tuntun àti tòkunbọ̀. Kẹ́ ẹ wá béèrè ti Ford Galaxy tàbí Pontiac Montana, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n á bá yín wá a dé Ládípọ̀ l'Ékòó. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Mẹkáníìkì tó bá mọ Camry V6 mọ Sienna, torí irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni Toyota ń gbé sínú àwọn méjèèjì, èèyàn 7 tàbí 8 ló ń gbà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ń sún ni, kì í ṣí síta, ẹni tó bá ti sọ ọmọ kalẹ̀ rí nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ tí ọ̀kadà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀kùn lọ mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì.

Ọdún wo nínú Sienna ni kí n rà?

Tèmi o, 2007 sí 2010. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Èyí tó jáde láàárín 1998 sí 2003 ti dàgbà jù, ẹ́ńjìnnì 3.0 inú ẹ̀ sì ní àìsàn kan, oil inú ẹ̀ máa ń dì bí ògì tí wọn ò bá tètè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ò sì lè mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣe tọ́jú ẹ̀. 2004 sí 2006 ni 3.3, ó dáa, ó lágbára, àmọ́ táímììn bẹ́líìtì ló ń lò, máìlì 90,000 ni Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, bí mi ò bá rí ìwé tàbí bẹ́líìtì tuntun lójú ara mi mi ò ní gbà pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, màá kàn ka owó ẹ̀ mọ́ owó mọ́tò. Láti 2007 ni 3.5 ti wọlé, ṣéènì lòun ń lò, ìyẹn ò sí nínú nǹkan tá à ń pààrọ̀ lẹ́kọ̀ọ̀kan. Páìpù oil kékeré kan wà lára ẹ̀ ṣá, róbà ni wọ́n fi ṣe apá kan ẹ̀, tó bá bẹ́, oil á dà tán kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lọ. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín kó bá yín fi onírin rọ́pò ẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni, ẹ má sì jẹ́ kó sọ fún yín pé ẹ kọ́kọ́ máa lò ó ná.

2011 sókè dáa gan-an tówó bá wà. Kẹ́ ẹ kàn ṣọ́ra fún 2011 àti 2012 tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì 2.7 onípísítìnì 4, tẹ́ ẹ bá kó èèyàn 7 gun òkè Mápó nínú ẹ̀, òun náà á sọ̀rọ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ di hybrid, tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, owó ìyẹn ṣì wọ́n jù fún ẹbí tó ń ka owó.

Nǹkan kan kù: ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Lára 2004 sí 2010, wáyà inú ẹ̀ máa ń já, lọ́jọ́ tó bá já ọmọ yín á máa gba iwájú sọ̀kalẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ fà ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n mú.

Honda Odyssey ńkọ́?

Odyssey dùn ún wà ju Sienna lọ, mi ò ní purọ́. Ìjókòó ẹ̀ dáa, kì í mì lọ́nà jíjìn. Àmọ́ gíà 1999 sí 2004 ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. 2005 sí 2010 sàn ju ìyẹn lọ, bẹ́líìtì ṣì lòun náà ń lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ táyà ti wọ̀ ọ́ nìyí: èyí tí wọ́n kọ Touring sí lára nínú àwọn 2005 yẹn lọ sókè, táyà kan tí Michelin ń pè ní PAX ni wọ́n fi sí òmíì nínú ẹ̀. Ó ní òrùka líle kan nínú, tó bá jò ẹ lè máa wà á lọ, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe fún un ní sípíà. Kò sí fọkanáísà tí mo mọ̀ n'Íbàdàn tó lè tú u, táyà lásán ò sì lè wọ rímù ẹ̀. Michelin fúnra wọn ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, àfi kẹ́ ẹ ra rímù 4 àti táyà 4, kẹ́ ẹ tún wá sípíà sí i. Ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san, bí ẹni tó ń tà á ò bá gbà, ẹ máa lọ.

Mo wo bọ́ọ̀tù Sienna, mi ò rí táyà sípíà níbẹ̀. Ibo ló wà?

Abẹ́ mọ́tò ni. Wọ́n fi wáyà irin gbé e kọ́ sábẹ́ ikùn ẹ̀, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wà nínú mọ́tò, tẹ́ ẹ bá gbé ìdérí tàbí kápẹ́ẹ̀tì tó bò ó nílẹ̀ ẹ máa rí i, sípánà gígùn tó bá mọ́tò wá lẹ máa fi yí i. Táyà á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí korobá tí wọ́n ń sọ sínú kànga.

Ìyẹn tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ọdún kejì tí mo ra Sienna mi àkọ́kọ́, à ń lọ sí ìgbéyàwó n'Ilé-Ifẹ̀, èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta, màmá mi àti àbúrò wọn, a ti kọjá Aṣẹ́jirẹ́ a ò tíì dé Ìkirè, mo bá kó sínú kòtò kan tómi ti kún bò, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ya pẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ torí mo mọ̀ pé sípíà wà, mo ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ tí mo rà á, mo fojú ara mi rí i. Mo ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì, mo yí i, ó ń yí, táyà ò sọ̀kalẹ̀. Ìpẹta ti mú wáyà àti irin tó gbé e di ọ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́kadà kan ló bá wa lọ gbé fọkanáísà wá láti Ìkirè, ọ̀gbẹ́ni yẹn dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó fi ayùn irin gé wáyà, ó lé ní wákàtí 2, màmá mi jókòó sórí kúlà lábẹ́ oòrùn tàwọn ti gèlè àti aṣọ òkè. Nígbà tí táyà wá bọ́ sílẹ̀ tán, kò sí atẹ́gùn kankan nínú ẹ̀.

Mi ò rò pé ẹni tó tà á fún mi mọ̀ ọ́n mọ̀. Kò wò ó, èmi náà ò sì ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n rí i.

Kí ló ń fa ìpẹta yẹn? Ṣé òjò ibí ni?

Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí mọ́tò tó débí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń tutù l'Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á máa ta sábẹ́ mọ́tò lọ́dọọdún, á máa jẹ wáyà yẹn. Ní oṣù kẹrin 2010 ni Toyota pe Sienna 1998 sí 2010 tó tó 600,000 padà níbẹ̀, àwọn tí kì í ṣe AWD (AWD ni èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà), nítorí wáyà yìí gan-an, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè já kí táyà já bọ́ sójú títì fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tá à ń rà sì ti gbé irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà VIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ṣáṣí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo ìtàn ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ Texas tàbí Florida ló ti wá, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, tó bá jẹ́ Michigan, Ohio tàbí New York, ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa, kì í ṣe wáyà nìkan, gbogbo páìpù bíréèkì náà.

Kí ni kí n ṣe gan-an lọ́jọ́ tí mo bá lọ wo mọ́tò?

Kẹ́ ẹ tó tan AC, ẹ ní kí wọ́n sọ sípíà kalẹ̀. Kó kan ilẹ̀. Kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ fi géèjì wo atẹ́gùn inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fà á padà sókè lójú yín. Ẹ béèrè jáàkì àti wíìlì sípánà, kẹ́ ẹ dán an wò lára nọ́ọ̀tì táyà, torí òmíì wà tí wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ọ̀tì ẹ̀ tí sípánà tó bá mọ́tò wá ò mú un mọ́. Ẹni tó ń tà lè máa kùn pé ẹ̀ ń da òun láàmú, ẹ jẹ́ kó kùn. Mo ti rí ẹni tó rí i lọ́nà yìí pé kò sí nǹkankan lábẹ́ mọ́tò àfi wáyà tó ń fì, ìyẹn sì jẹ́ kó rí owó yọ.

Mo rí Sienna kan tó mọ́, wọ́n kọ AWD sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé ó dáa?

Táyà 4 ló ń fa ìyẹn, ibi tí sípíà ì bá wà, àwọn irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ló gbà á. Toyota ò fún un ní sípíà rárá, run-flat ni wọ́n fi sí i, táyà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le débi pé tí atẹ́gùn bá tán, ẹ ṣì lè rọra wà á fún bíi kìlómítà 80 láìsáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí lọ.

Lọ́hùn-ún, ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ kí mọ́tò yẹn tó dé ọwọ́ yín n'Íbàdàn, run-flat ẹ̀ ti gbó, ó wọ́n, kò sì wọ́pọ̀, nítorí náà táyà lásán ni wọ́n ti fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ wá wò ó: run-flat ò sí, sípíà ò sí. Ẹ̀ ń wa mọ́tò tí kò ní nǹkankan lẹ́yìn, ẹ ò sì mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, kẹ́ ẹ ra rímù kan àti táyà kan sí i lọ́jọ́ kan náà ni, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí.

Táyà sípíà tó bá Sienna mi wá tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́. Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ni?

Rárá o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, lẹ́tà T ló máa bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn ni pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n ṣe é kékeré kó má bàa wúwo, kó má sì gba àyè, ẹ ò gbọdọ̀ fi sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí lọ, atẹ́gùn tó sì yẹ kó wà nínú ẹ̀ jẹ́ PSI 60 lórí géèjì, nígbà tí ti táyà yòókù kì í ju bíi 35 lọ. Ibi tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ nìyẹn, torí fọkanáísà tí kò wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára á fọn 35 sí i, ìyẹn ò sì lè gbé mọ́tò tí ẹbí kún inú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ táyà iwájú ló jò, ẹ má fi tín-ín-rín yẹn síwájú. Iwájú ló ń fa Sienna, ibẹ̀ náà ni bíréèkì ti ń ṣiṣẹ́ jù, tí táyà kan bá sì kéré ju èkejì lọ, gíà á máa ṣe làálàá tí kò yẹ. Ẹ tú táyà ẹ̀yìn kan tó dáa, ẹ gbé e síwájú, kẹ́ ẹ wá fi kékeré yẹn sẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́, mo ṣe é rí lójú òjò nítòsí Mọ́níyà.

Ṣé kí n kúkú ra sípíà ńlá tó bá táyà yòókù dọ́gba?

Ìbéèrè yìí ló gba ọkàn mi jù, ìdáhùn ẹ̀ sì yàtọ̀ síra láàárín ẹni kan sí ẹnìkejì.

Tó bá jẹ́ pé láti Akobo sí Bódìjà, Bódìjà sí Challenge lẹ̀ ń lọ, kékeré yẹn tó o, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa wà n'Íbàdàn tẹ́ ẹ ò ní rí fọkanáísà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ ẹni tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lóṣooṣù, táyà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá 80, tí kò lè gba kòtò, tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè bá yín tún ti gidi ṣe ló yẹ kó gbé yín dé péré, kò tó yẹn.

Wàhálà ẹ̀ ni àyè. Abẹ́ mọ́tò tó gbé kékeré ò ní gba ńlá kó ṣe déédéé, táyà tó bá wá fì sílẹ̀ jù á máa họ ilẹ̀ ní gbogbo bọ́ǹpù. Táyà àti rímù onírin tó bíi kìlò 20, kò yẹ kó wà nínú mọ́tò láìso ó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì á fò bá ọmọ tó jókòó lẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: lẹ́yìn àga kẹta Sienna, kòtò jíjìn kan wà níbẹ̀, inú ẹ̀ ni àga yẹn ń ká sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́rù, tí àga bá wà lókè kòtò yẹn ṣófo. Táyà 215/65R16 ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 69 lọ láti etí kan dé èkejì, mo máa ń gbé e dúró síbẹ̀, màá rọ àpò ìrẹsì sí i kó má bàa dọ̀tí, màá fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Àyè tó kù lẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gba báàgì méjì. Ìyàwó mi kọ́kọ́ ń ráhùn pé kúlà òun ò wọlé mọ́, àmọ́ tó bá ti rántí ọjọ́ Ìkirè yẹn, kì í ráhùn mọ́.

Kékeré náà ṣì wà lábẹ́ mọ́tò. Tí mo bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, méjèèjì ló ń tẹ̀ lé mi.

Ike gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fọn sínú táyà ńkọ́?

Ìṣó kékeré tó gún ojú táyà ni ìyẹn lè dí. Tí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, tàbí tí kòtò bá tẹ rímù, omi lásán ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àpótí tí wọ́n ń kó gọ́ọ̀mù yẹn sí ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fọn atẹ́gùn láti ibi tí wọ́n ń ki ṣájà fóònù bọ̀, ẹ ra ìyẹn, á bá yín fọn sípíà tó bá ti jò.

Táyà tòkunbọ̀ ni mo lágbára ẹ̀. Ṣé kí n fi ṣe sípíà?

Mo mọ bí owó táyà tuntun ṣe rí báyìí. Bó bá di dandan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àwọn FRSC máa ń kìlọ̀ pé táyà tó bá ti lé ní ọdún 4 kò yẹ lójú pópó wa. Kò kan bí ojú ẹ̀ ṣe nípọn tó, róbà á gbẹ, á máa sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ lọ́yẹ́, oòrùn ló sì wà látàárọ̀ níbi tí wọ́n tò ó sí. Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù náà: lórí 215/65R16, 98 tó tẹ̀ lé e túmọ̀ sí kìlò 750 lórí táyà kan. Ẹ má gba èyí tó kéré sí ti mọ́tò yín torí pé ó wọ rímù.

Ṣé FRSC lè dá mi dúró torí sípíà?

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sípíà, jáàkì, C-caution, fáyà ẹ̀sítíńgúíṣà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè.

Tí táyà bá jò lálẹ́ ńkọ́?

Tó bá jẹ́ ibi tó ṣókùnkùn, tí kò sílé, ẹ má dúró. Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ rọra máa wọ́ ọ lọ títí ẹ máa fi rí ilé epo tàbí ibi táwọn ọlọ́pàá wà. Táyà yẹn á bàjẹ́, rímù náà lè bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá wá dúró sí, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú mọ́tò, kí wọ́n jìnnà sí títì, kẹ́ ẹ fi òkúta dí táyà tó wà lódìkejì, kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé jáàkì sókè, torí táyà tó bá ti kúrò nílẹ̀ á máa yí tẹ̀ lé sípánà ni. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí orí bọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Ìgbà wo ni kí n máa wo sípíà ọ̀hún?

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èmi máa ń so ó mọ́ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí mo bá lọ fọ mọ́tò, ọmọ mi ọkùnrin ló ń yí nọ́ọ̀tì, èmi á di géèjì mú. A máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, a ó nu wáyà, a ó fi gíríìsì pa á, a ó fà á padà. Tẹ́ ẹ bá ní sípíà ńlá tó bá mẹ́rin yòókù dọ́gba, ẹ jẹ́ kóun náà máa bá wọn ṣe àyípo tẹ́ ẹ bá ń yí táyà, bíi kìlómítà 10,000 síra wọn, gbogbo wọn á gbó pọ̀, ẹ ò sì ní gbé táyà tó ti gbẹ fún ọdún 6 sábẹ́ àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ tó bá di dandan.